Kestikievari: Níbo Ni Oríkèé Ọ̀rọ̀ Yìí Wà?

Ní etí ọ̀nà ní ìgbèríko Fínlándì, a ṣì máa ń rí ilé oúnjẹ tí wọ́n kọ Kestikievari, tàbí Kievari nìkan, sára pátákó rẹ̀. Ẹni tó ni ilé náà ń fi orúkọ yìí sọ fún ẹni tó ń kọjá pé oúnjẹ bí ti àtijọ́ ni òun ń tà, ará Fínlándì tó bá sì kà á kò ní láti ronú kí ó tó mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ẹni tó ń kọ́ èdè náà ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń dà láàmú. Wọ́n ti kọ́ ọ pé bí ó bá ti rí ọ̀rọ̀ gígùn, kí ó wá ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀, kí ó gé e níbẹ̀, kí ó sì wá ìtumọ̀ apá kọ̀ọ̀kan. Ó gé kestikievari, ó rí kesti, ó sì rí kievari. Kesti tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni èyí tó wà nínú ìbéèrè bíi Kuinka kauan se kesti?, ìyẹn ni pé, "Báwo ló ṣe pẹ́ tó?" Kievari ní tirẹ̀ kò jọ ọ̀rọ̀ kankan tí ó ti kọ́ rí. Ṣé ilé tí ènìyàn ti ń pẹ́ kí oúnjẹ tó dé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ni?

Rárá o. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ti gé ọ̀rọ̀ yìí tọ̀nà. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó rò pé ní Fínlándì ni wọ́n ti so apá méjèèjì pọ̀. Kí àlàyé yìí tó lè yéni dáadáa, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo bí èdè Fínlándì ṣe ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ nígbà tí ó bá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ó.

Èdè náà a máa kan ọ̀rọ̀ orúkọ méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀, wọn a sì kọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ láìfi àyè sílẹ̀ láàárín. Yhdyssana ni wọ́n ń pe irú ọ̀rọ̀ alákànpọ̀ bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, nítorí pé yhdys dúró fún ìsopọ̀, sana sì ni ọ̀rọ̀. Apá tó kẹ́yìn ni olórí. Èyí tó ṣáájú kàn ń sọ irú èyí tí olórí náà jẹ́ ni. Kahvi ni kọfí, maito sì ni wàrà. Maitokahvi jẹ́ kọfí tí a bu wàrà sí, ṣùgbọ́n kahvimaito jẹ́ wàrà tí a rà sílẹ̀ láti máa bù sí kọfí. Ní èdè Yorùbá, òdìkejì èyí ni a ń ṣe, olórí ni a ń fi ṣáájú: ilé ìwé jẹ́ irú ilé kan, ìwé ilé sì jẹ́ irú ìwé kan, ẹnikẹ́ni tó bá sì ti ra ilé rí yóò jẹ́rìí sí i pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe kékeré. Nítorí náà, Yorùbá tó bá fẹ́ tú ọ̀rọ̀ alákànpọ̀ Fínlándì ní láti máa bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí a fi orúkọ ilé oúnjẹ tí kò lẹ́tàn nínú dán an wò. Pikaruokaravintola ni wọ́n ń pe irú ilé tí a ti ń ra oúnjẹ tí kì í pẹ́ délẹ̀. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ravintola ni ilé oúnjẹ, ruoka ni oúnjẹ, pika sì ń tọ́ka sí ohun tó yá kíákíá. Ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ kíákíá ni, kò sì sí ohun kankan tó fara pamọ́ níbẹ̀. Ẹni tí etí rẹ̀ bá mú yóò ṣàkíyèsí pé ó dà bí ẹni pé oúnjẹ wọ inú ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ravintola fúnra rẹ̀ kò ṣàì ní ohun jíjẹ nínú. Ibí yìí ni àṣìṣe kejì ti sábà máa ń wáyé, ó sì yẹ kí a dúró tì í díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń sọ pé ravintola jẹ́ ọ̀rọ̀ alákànpọ̀, pé ravinto ni oúnjẹ àti pé la ni ilé. Òótọ́ ni apá kìíní. Ọ̀rọ̀ ìṣe ravita túmọ̀ sí kí a bọ́ ènìyàn tàbí ẹran, kí a fún un ní ohun tí ara rẹ̀ yóò fi ró; inú rẹ̀ ni ravinto ti wá, ìyẹn ohun tí ara fi ń gbèrú. Ṣùgbọ́n la kì í ṣe ọ̀rọ̀. Kò sí ará Fínlándì kan tó lè sọ pé òun ń lọ sí la. Àfòmọ́ ìparí ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti sọ orúkọ ohun kan tàbí ènìyàn kan di orúkọ ibi tí a ti ń rí i. Kana ni adìyẹ, kanala sì ni ilé adìyẹ. Vanki ni ẹlẹ́wọ̀n, vankila ni ọgbà ẹ̀wọ̀n. Sairas ni aláìsàn, sairaala sì ni ilé ìwòsàn. Neuvo ni ìmọ̀ràn, neuvola sì ni ibi tí àwọn aláboyún àti àwọn ìyá ọmọ wẹ́wẹ́ ti ń gba àyẹ̀wò àti ìtọ́sọ́nà. Mummo ni ìyá àgbà, mummola sì ni ilé ìyá àgbà, èyí tí àwọn ọmọdé máa ń dárúkọ tayọ̀tayọ̀ bí ìsinmi bá ti ń súnmọ́lé. Àfòmọ́ kan náà ló wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ orúkọ ìdílé wọn: Mattila jẹ́ ilé Matti, Anttila jẹ́ ilé Antti, nítorí pé oko tí ìdílé ń gbé ni wọ́n fi ń pe ìdílé.

Báwo ni a ṣe mọ̀ dájú pé àfòmọ́ ni, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré kan tí wọ́n so mọ́ ìdí òmíràn? Àǹkóò fáwẹ́lì ló ń fi hàn. Àwọn tó kọ́ gírámà Yorùbá mọ ohun tí àǹkóò fáwẹ́lì jẹ́: nínú ọ̀rọ̀ onísílébù méjì bí owó àti ọkọ̀, tàbí ewé àti ẹsẹ̀, fáwẹ́lì àkọ́kọ́ ti ń sọ irú èyí tó lè tẹ̀ lé e. Tiwọn ní Fínlándì le ju tiwa lọ. Fáwẹ́lì a, o àti u wà ní agbo kan. Ä, ö àti y wà ní agbo kejì. Agbo méjèèjì kì í sì í wà pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ tí kì í ṣe alákànpọ̀. Bí a bá fi àfòmọ́ kún ọ̀rọ̀, àfòmọ́ náà gbọ́dọ̀ yí ara rẹ̀ padà kí ó lè bá agbo ọ̀rọ̀ náà mu. Ìdí nìyí tí kahvi fi di kahvila, ibi tí a ti ń mu kọfí, tí kylpy, ìyẹn ìwẹ̀, sì fi di kylpylä, ibi ìwẹ̀ onígbàádùn. La ti di lä. Ọ̀rọ̀ gidi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Jää ni yìnyín, kaappi ni kọ́bọ́ọ̀dù, a sì ń pe fíríìjì ní jääkaappi. Kaappi kò yí a rẹ̀ padà sí ä nítorí ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ohun tó bá ń yí padà fún aládùúgbò rẹ̀ jẹ́ àfòmọ́, èyí tó bá dúró gbọn-in jẹ́ ọ̀rọ̀. Ravintola, kahvila, àti ruokala, tí í ṣe yàrá ìjẹun ilé ìwé tàbí ti ibi iṣẹ́, kì í ṣe alákànpọ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀dá pẹ̀lú àfòmọ́ ni wọ́n.

Ìmọ̀ àǹkóò yìí wúlò fún ohun mìíràn pẹ̀lú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí ä àti o nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bí irú päiväkoti, tí í ṣe ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ ní ojúmọmọ, ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé oríkèé wà níbì kan láàárín wọn: päivä ni ọjọ́, koti ni ilé. Bí ẹni tó ń kun ẹran ṣe ń fi ọwọ́ wá ibi tí egungun méjì ti pàdé ni ó rí. Àánú wá ṣeni pé ọgbọ́n yìí kò lè ràn wá lọ́wọ́ lórí kestikievari. Fáwẹ́lì e àti i kò sí nínú agbo kankan. Wọ́n lè bá ẹnikẹ́ni jókòó. Nínú kestikievari, e ni, i ni, ie ni, lẹ́yìn náà ni a kan ṣoṣo, tí í tún padà sí i. Kò sí ìjà láàárín wọn, nítorí náà kò sí ohun tó ń tọ́ka sí oríkèé. Etí nìkan ló ń gbọ́ ọ díẹ̀, nítorí pé ará Fínlándì máa ń tẹ sílébù àkọ́kọ́ apá kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ alákànpọ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń tẹ kie náà mọ́lẹ̀ lẹ́yìn kes.

Níbo wá ni a ti so ó? Swídìn ni. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún 13 títí di ọdún 1809, tí Rọ́ṣíà gba Fínlándì, abẹ́ ọba Swídìn ni ilẹ̀ náà wà, èdè Swídìn sì ni èdè òfin, ti ilé ẹjọ́ àti ti àwọn oníṣẹ́ ìjọba. Nínú èdè Swídìn, ọ̀rọ̀ kan wà tí í ṣe gästgivare. Gäst ni àlejò. Givare ni ẹni tó ń fúnni ní nǹkan, láti inú ọ̀rọ̀ ìṣe giva, tí wọ́n ti gé kúrú sí ge nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ lónìí. Ẹni tó ń fún àlejò ní oúnjẹ àti ibùsùn ni gästgivare. Àwọn ará Jámánì ní irú rẹ̀, Gastgeber, tí wọ́n fi ń pe ẹni tó gbà wá lálejò. Ọ̀rọ̀ alákànpọ̀ tí a ti so délẹ̀ yìí ni àwọn ará Fínlándì yá lódindi, bí ẹni yá aṣọ tí a ti rán. Wọn kò yá òwú kí wọ́n tó lọ rán an nílé.

Bí ó ṣe yí padà lẹ́nu wọn kò yẹ kó ṣe Yorùbá ní kàyéfì, nítorí pé àwa náà ń ṣe irú rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ àyálò. Èdè Fínlándì kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ orúkọ àyálò fi kọ́ńsónáǹtì bíi k tàbí t parí, ó sì máa ń fi i tì í lẹ́yìn: bank ti Swídìn di pankki lọ́dọ̀ wọn, bí bank ti Gẹ̀ẹ́sì ṣe di báńkì lọ́dọ̀ wa. Gäst di kesti lọ́nà kan náà. Níbi tí kọ́ńsónáǹtì méjì tàbí mẹ́ta bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni ọ̀nà tiwa àti tiwọn ti yà. Àwa máa ń fi fáwẹ́lì sáàárín, a ń sọ pé gíláàsì. Àwọn máa ń ju èyí tó wà níwájú nù, glas sì di lasi, skola tí í ṣe ilé ìwé di koulu, strand tí í ṣe etí omi di ranta. Bákan náà, ọ̀rọ̀ àtijọ́ lédè wọn kò ní g níbẹ̀rẹ̀, k ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀ nínú gäst àti nínú givare.

K yìí tún jẹ́ ẹ̀rí ọjọ́ orí. Bí a bá gbọ́ ará Swídìn lónìí tó ń pe gäst, a ó gbọ́ ohun tó jọ "yẹst", nítorí pé g wọn ti rọ̀ di y níwájú fáwẹ́lì bíi ä àti i. Bí ó bá jẹ́ pé àìpẹ́ yìí ni Fínlándì fi etí gba ọ̀rọ̀ náà, ohùn y ni à bá máa gbọ́ níwájú rẹ̀. K tó wà níbẹ̀ fi hàn pé g líle ni wọ́n gbọ́ nígbà tí wọ́n yá a, kí ohùn náà tó rọ̀. Irú nǹkan báyìí ni ó mú kí n fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àyálò: ẹni tó yá a máa ń tọ́jú ohun tí ẹni tó ni ín ti sọ nù.

Kí ni ti kievari? Ìparí -are ti Swídìn, tó ń tọ́ka sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kan, a máa di -ari ní Fínlándì. Domare, adájọ́, di tuomari. Målare, akunlé, di maalari. Borgare, ọmọ ìlú tó ní ẹ̀tọ́ òwò, di porvari. Givare náà sì di kievari. Ẹ wo tuomari dáadáa: o kan ṣoṣo tó gùn nínú domare ti pín sí uo, gẹ́gẹ́ bí stol, ìjókòó, ṣe di tuoli. Ìbejì fáwẹ́lì ie tó wà nínú kievari jẹ́ ìbátan irú ìpínyà bẹ́ẹ̀, ó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà jọ ti ìbílẹ̀, nítorí pé ie pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ wọn bíi tie, ọ̀nà, àti mies, ọkùnrin.

Ẹni tó bá ń fọkàn bá wa lọ yóò wá béèrè pé: bí -ari bá ń tọ́ka sí ènìyàn, báwo ni kestikievari ṣe di ilé? Ìbéèrè gidi ni. Ní èdè Swídìn, wọ́n ya méjèèjì sọ́tọ̀: gästgivare ni ènìyàn náà, gästgiveri tàbí gästgivaregård ni ilé rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn ará Fínlándì, ìyàtọ̀ yìí parẹ́, orúkọ onílé bo ilé mọ́lẹ̀, débi pé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dárúkọ ènìyàn náà gan-an, wọ́n ní láti fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un, wọ́n sì ń sọ pé kestikievarin pitäjä, ẹni tó ń bójú tó kestikievari. Bí a bá tú u sí ìtumọ̀ àtètèkọ́ṣe rẹ̀, "olùbójútó olùfún-àlejò-ní-nǹkan" ni wọ́n ń wí. Èyí kì í ṣe àṣìṣe lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò bá gbọ́ givare mọ́ nínú kievari, kò sí ohun tó lè dí i lọ́wọ́ láti fi ọ̀rọ̀ náà pe ilé.

Ilé náà kì í sì í ṣe ilé oúnjẹ lásán. Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Swídìn, àwọn ọlọ́lá tó ń rìnrìn àjò máa ń já wọ ilé àgbẹ̀, wọn a jẹun, wọn a sùn, wọn a fi oúnjẹ rẹ̀ bọ́ ẹṣin wọn, wọn kì í sì í sanwó. Ọba Magnus Ladulås fi òfin de ìwà yìí ní nǹkan bí ọdún 1280. Ṣùgbọ́n òfin tó bá sọ pé kí ènìyàn má wọ ilé onílé gbọ́dọ̀ sọ ibi tí arìnrìn-àjò yóò sùn, èyí sì gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kó tó lójú. Ní ọdún 1649, lábẹ́ ọbabìnrin Kristina, wọ́n gbé òfin kan jáde tó fi ìdí àwọn ilé ìsimi yìí múlẹ̀ lẹ́bàá àwọn òpópónà, pé kí ọ̀kan máa wà ní bíi mil méjì (mil ni ìwọ̀n ọ̀nà jíjìn ti Swídìn) sí èkejì. Nítorí pé owó ẹṣin àti ti ọ̀nà ni wọ́n fẹ́ máa ṣírò, òfin kan náà ló sọ bí mil kan ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó jákèjádò ìjọba náà, aln 18,000 (aln jẹ́ ìwọ̀n gígùn àtijọ́ ti Swídìn), tí í ṣe mítà 10,688. Nípa bẹ́ẹ̀, ilé oúnjẹ àti ìwọ̀n ọ̀nà jọ wọ inú òfin kan ṣoṣo.

Ní kestikievari, arìnrìn-àjò a rí oúnjẹ, a rí ibùsùn, a sì rí ẹṣin tuntun pẹ̀lú ẹni tí yóò gbé e dé kestikievari tó tẹ̀ lé e. Àwọn àgbẹ̀ àdúgbò ni wọ́n fi dandan mú láti máa mú ẹṣin wá ní ìpín-ìpín, inú ọ̀pọ̀ wọn kò sì dùn sí i. Ìwé kan máa ń wà nílé náà, päiväkirja ni wọ́n ń pè é, níbi tí àlejò ti ń kọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ń lọ, tí ó sì tún lè kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sí bí inú bá bí i. Ètò yìí kò dópin nígbà tí Rọ́ṣíà gba ilẹ̀ náà ní 1809. Ó ń bá a lọ ní Fínlándì. Ọkọ̀ ojú irin ló kọ́kọ́ dín iṣẹ́ rẹ̀ kù, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1862 tí wọ́n ṣí ọ̀nà Helsinki sí Hämeenlinna, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì parí èyí tó kù. Oúnjẹ nìkan ló wá ṣẹ́ kù nínú iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà sì ni orúkọ náà ń rán ará Fínlándì létí lórí pátákó lónìí.

Èyí tún yẹ kí ó la ojú wa sí ohun tí "olùfúnni" túmọ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Kò fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Owó ni àlejò ń san, iye rẹ̀ sì wà nínú òfin; ìdí tí òfin náà fi wáyé gan-an ni pé kí wọ́n má ṣe gba nǹkan onínǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ alákànpọ̀ kì í sọ irú ìbáṣepọ̀ tó wà láàárín apá rẹ̀ méjèèjì. Gäst-givare lè jẹ́ ẹni tó ń fún àlejò ní nǹkan, ó sì lè dà bí ẹni tó ń fi àlejò tọrọ. Lílò nìkan ló ń jẹ́ kí a mọ èyí tó jẹ́. Ó sì dùn mọ́ mi pé Yorùbá gba ẹ̀yìn wo ọ̀rọ̀ kan náà: àwa ń gba àlejò, a kì í sọ pé a fún un, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ kan náà ni a jọ ń gbé kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ tí èdè Fínlándì ní fún àlejò ni vieras, ẹni tí a kò mọ̀ rí náà sì ni vieras, gẹ́gẹ́ bí àlejò tiwa ṣe lè jẹ́ ẹni tí a pè wá jẹun tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú. Nítorí pé vieras ti wà nílẹ̀, kesti tí wọ́n yá kò rí àyè púpọ̀ gbà gẹ́gẹ́ bí orúkọ àlejò. Ó wá ibòmíràn fìdí mọ́lẹ̀ sí. Kestit, ní ẹ̀dà ọ̀pọ̀, di àpèjẹ tí a sè fún àlejò. Kestitä di ọ̀rọ̀ ìṣe, kí a ṣe àlejò ní oúnjẹ àti ohun mímu. Àwọn wọ̀nyí ni ìbátan kesti inú kestikievari. Kesti tó túmọ̀ sí "ó pẹ́" wá láti inú kestää, kí nǹkan pẹ́ tàbí kí ó lè fara da wàhálà, kò sì bá wọn tan. Ó kàn ṣẹlẹ̀ pé ẹ̀dà kestää tó wà fún ohun tó ti kọjá bá orúkọ àyálò náà dọ́gba lẹ́tà sí lẹ́tà ni, bí ìgbà tí ènìyàn méjì tí kò tan ń jẹ́ Àjàyí.

Kievari ní tirẹ̀ ṣe ohun tó tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ tó gbé e wá, ó sì di ẹni ara rẹ̀. Nítorí pé apá tó kẹ́yìn ni olórí nínú ọ̀rọ̀ Fínlándì, ẹni tó bá gbọ́ kestikievari á gbà láìronú pé kievari kan gbọ́dọ̀ wà, pé ilé ni, àti pé kesti kàn ń sọ irú èyí tó jẹ́ ni. Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó nìkan fún ilé oúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà. "Olùfúnni" di "ilé" nítorí pé gírámà Fínlándì fún un ní ipò olórí.

Àwọn orúkọ ilé oúnjẹ mìíràn wà tí irú ìwádìí yìí tún tọ́ sí. Krouvi wá láti inú krog ti Swídìn, kapakka sì wá láti inú kabak ti Rọ́ṣíà. Ilé ọtí ni méjèèjì, a kò sì lè gé wọn síbì kankan. Kahvila máa ń tan àwọn tó gbọ́ èdè Tọ́kì jẹ, nítorí pé kahve ni wọ́n ń pe kọfí níbẹ̀, ó sì jọ kahvi gan-an. Ṣùgbọ́n kaffe ti Swídìn ni kahvi ti wá: èdè Fínlándì kò ní f tẹ́lẹ̀, hv ni wọ́n sì fi rọ́pò ff tí wọ́n bá a nínú ọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí soffa, àga gígùn onítìmùtìmù, ṣe di sohva. Kọfí fúnra rẹ̀ gba ilẹ̀ Tọ́kì kọjá kó tó dé Yúróòpù, nítorí náà ìjọra náà kì í ṣe lásán pátápátá, àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n rò pé ó gbà kọ́ ló gbà.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún ohun tí a ń sọ ni nakkikioski, ìsọ̀ kékeré tí wọ́n ti ń ta sọ́séèjì gbígbóná lójú pópó, tí àwọn tó ń bọ̀ láti òde alẹ́ máa ń tò sí. Nakki ni sọ́séèjì náà, láti inú Knackwurst ti Jámánì, tí wọ́n fi ìró tó máa ń ta nígbà tí eyín bá gé e sọ ní orúkọ. Kioski rin ọ̀nà jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti Páṣíà, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn Tọ́kì, tí wọ́n ń fi köşk pe àgọ́ onígbàádùn inú ọgbà, ó kọjá sí èdè Faransé, ó gba Swídìn kó tó dé Fínlándì. Apá méjèèjì jẹ́ àlejò, bí ti kestikievari gan-an, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà. Síbẹ̀, ìbátan wọn kò dọ́gba. Kò sí ará Jámánì, Tọ́kì tàbí Faransé kan tó so Knackwurst mọ́ köşk rí. Àwọn ará Fínlándì ló mú nakki tí wọ́n ti ń jẹ àti kioski tí wọ́n ti ń rà á, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kàn wọ́n pọ̀, tí olórí sì wà lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí òfin èdè wọn. Ẹni tó bá gé e ní oríkèé yìí, tó sì wo apá méjèèjì nínú ìwé atúmọ̀ èdè Fínlándì, yóò rí ìtumọ̀ rẹ̀ gbà pé pérépéré. Ti kestikievari, ìwé atúmọ̀ èdè Swídìn ni yóò ní láti ṣí.